Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ìtàn Ọmọ Ọlọ́gbọ́n Ẹ̀wẹ́: Láti Adó dé Ọ̀mùò, Ọ̀gá Kan Lẹ́yìn Òmíì

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń bí mi nínú. Tí ẹnì kan bá ti ní òun fẹ́ kọ ìtàn ọmọ jìbìtì báyìí, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi rí Yahoo boy tó ra Benz lójú ewé kejì, tó fi èèyàn ṣoògùn owó lójú ewé kẹwàá, tí wọ́n wá jù ú sẹ́wọ̀n, tó bá di pásítọ̀ níbẹ̀. Ìwàásù nìyẹn jàre, ẹ lọ gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irú ìtàn tí mò ń sọ, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní picaresque, ẹni tó wà nídìí ẹ̀ ò ní Benz, kò pa ẹnikẹ́ni, oúnjẹ ló ń wá kiri, kó rí jẹ, kó ríbi sùn, kẹ́ ẹ sì máa rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín ọ̀hún á fi korò lẹ́nu yín. Èkìtì ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ torí ibẹ̀ lojú mi mọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn àbí Ọ̀ffà, ẹ fi tiyín rọ́pò.

Ibi tó ti ṣẹ̀

Sípéènì ni. Lọ́dún 1554, ìwé kékeré kan jáde níbẹ̀, Lazarillo de Tormes lorúkọ ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ò sì fi orúkọ ara ẹ̀ sí i. Ọmọ kan ló ń sọ ìtàn ayé ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìlọkà létí odò Tormes, wọ́n mú un pé ó ń bù nínú àpò àwọn tó ń gbé ọkà wá, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ó bá àwọn ológun lọ, kò padà wálé mọ́. Ìyá ò rówó tọ́ ọmọ, ó fà á lé afọ́jú alágbe kan lọ́wọ́ kó máa mú un kiri. Látìgbà náà ló ti ń kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíì, fadá ahun, ọkùnrin tó múra bí ọlọ́lá tí kò sí búrẹ́dì nílé ẹ̀, ẹni tó ń ta ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, títí ó fi ríṣẹ́ ìjọba ṣe, ó di akéde ìlú. Nígbà tó fi máa di ọdún 1559, ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ti ka ìwé náà mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kà, torí ojú tó fi wo àwọn fadá.

Ẹnì kan á ní ṣebí Ìjàpá nìyẹn. Rárá o. Ìjàpá gbọ́n, ó lójú kòkòrò, àmọ́ ẹlòmíì ló ń bá a sọ ìtàn ẹ̀, tí wọ́n bá sì nà án tán, wọ́n á ní ìtàn yìí kọ́ wa pé. Níbí, olè fúnra ẹ̀ ló lanu, ó ń rojọ́ ara ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lẹ máa mọ ibi tó ti ń parọ́. Èkejì, gbogbo ọ̀gá tó sìn, olè làwọn náà, agbádá ni wọ́n fi bò ó. Tí ẹ bá di ohun méjì yìí mú, ìyókù á rọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń rojọ́ fún

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti lo àkókò jù, kẹ́ ẹ tó kọ gbólóhùn kan. Nínú ìwé Sípéènì yẹn, lẹ́tà ni gbogbo ẹ̀. Ẹni ńlá kan ló ní kí ọmọ náà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan fóun, kò kúkú sọ ọ̀rọ̀ wo, ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìgbà tẹ́ ẹ bá kà á dé ìparí lẹ tó mọ̀ pé ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n ń sọ kiri ìlú, pé ó máa ń wọlé fadá kan ó sì máa ń jáde níbẹ̀, fadá yẹn gan-an ló sì fi obìnrin náà fún un fẹ́. Ìwé odindi, ọ̀nà àtiyẹra fún ìbéèrè kan ṣoṣo ni.

Ẹ wá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tiyín. Ẹ jẹ́ ká pe tèmi ní Ìdòwú, ọmọ Adó. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó ti di akápò ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan ní Ọ̀mùò, Ààrẹ ẹgbẹ́ wá fi fóònù rán ohùn sí i lálẹ́ pé, "Akápò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó yẹn fún mi kí ìpàdé tó dé." Gbogbo ìtàn yín nìyẹn, lẹ́tà tó fi fèsì ohùn yẹn. Ìdòwú á bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ààrẹ wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ ní kí n ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ owó yìí ò ní yé yín tí ẹ ò bá kọ́kọ́ mọ ilé tí wọ́n bí mi sí." Ẹ ti rí i pé ó ti jẹ owó náà, òun náà mọ̀ pé ẹ ti rí i, síbẹ̀ ẹ máa tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè Ààrẹ yẹn, ẹ kọ ọ́ sára bébà kan kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú yín. Níbikíbi tí Ìdòwú bá ti gbàgbé pé Ààrẹ ló ń bá sọ̀rọ̀, tó wá ń ṣàpèjúwe oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, ẹ pa á rẹ́. Akápò tó jẹ gbèsè kì í rí oòrùn.

Ìbí rẹ̀

Ẹ má jẹ́ ká sunkún. Tí ẹ bá fi ojú àánú bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní rí ẹ̀rín fà jáde mọ́. Ìdí tí mo fi pè é ní Ìdòwú ni pé ìbejì ló ṣáájú ẹ̀, gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n ń pe Ìdòwú. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra ẹ̀: "Owó ẹ̀wà ìbejì ti sọ bàbá mi di onígbèsè kí n tó dé. Tí ìyá wa bá gbé Táyé àti Kẹ́hìndé lọ sọ́jà Ọba, wọ́n á máa lẹ owó mọ́ wọn lórí. Èmi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn, èṣù ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n ń pè mí, ẹnì kan ò sì lẹ náírà mọ́ èṣù lórí rí. Bí mo ṣe kọ́ àtimáa bá wọn gbọn eruku kúrò lórí nìyẹn, kí owó tó dé ọwọ́ ìyá wa."

Kò ju ìyẹn lọ. Olè àkọ́kọ́ ti wọlé, a ti mọ ebi, a ti mọ ilé. Ojú ewé kan tó. Kó kúrò nílé.

Ọ̀gá mélòó, irú ọ̀gá wo

Mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tó bá ti dé mẹ́wàá, àwọn tó ń kà á á máa gbàgbé wọn. Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ni pé, kí ló ń tì mọ́ àpótí? Fadá inú ìwé yẹn ń ti búrẹ́dì mọ́ àpótí, ó ń kà á. Ọmọ náà rí kọ́kọ́rọ́ ṣe lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tó ń kọjá lọ, ó ń bù díẹ̀díẹ̀ kó lè dà bíi pé eku ló ń jẹ ẹ́. Fadá dí gbogbo ihò ara àpótí, búrẹ́dì ṣì ń lọ, àwọn aládùúgbò bá ní ejò ni. Ọmọ náà wá ń fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu sùn. Lóru ọjọ́ kan èémí ẹ̀ gba inú ihò kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ń dún fíì, fíì, fadá ní ejò rèé, ó gbé igi, ó la ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ẹ wo bí ohun kékeré kan ṣe gbé ìtàn náà dé òpin, kọ́kọ́rọ́ ni, kì í ṣe àńgẹ́lì.

Fún Ìdòwú, mo máa yan awakọ̀ kan ní gáréèjì Adó, ìyá oníyán ní Ìfàkì, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí tí kò níṣẹ́ l'Ọ́yẹ̀ẹ́, wòlíì ní Ìkọ̀lé, àti olóṣèlú. Awakọ̀ yẹn ẹ má pẹ́ lórí ẹ̀, gbogbo èèyàn ti mọ bí kọ̀ndọ́ ṣe ń gbé ṣéńjì sá, ó kàn wà níbẹ̀ kó lè gbé ọmọ náà jáde nílùú ni. Ìyá oníyán ni kẹ́ ẹ jókòó tì.

Ìyá náà ń ka ẹran. Gbogbo òwúrọ̀ ló ń kà á sínú ìkòkò, tó bá di alẹ́ á ka owó, á ka èyí tó kù, kò sí bí ègé kan ṣe lè sọnù. Ìdòwú tó ń gúnyán láti aago márùn-ún ò lẹ́tọ̀ọ́ ju kó lá àwo tí oníbàárà jẹ kù. Ó wá rí i pé ìyá ń ka ẹran ni, kì í wọ̀n ọ́n. Ló bá mú ọ̀bẹ, ó ń fá etí ègé kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iye ẹran pé, ẹran ò pé. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá ní alápatà ló ń rẹ́ òun jẹ, ó dìde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, ó gba ìsọ̀ ẹran lọ. Ibi tí ìtàn ti dùn wá nìyí: alápatà ti ń rẹ́ ẹ jẹ lóòótọ́ látọdún mẹ́ta, ó rò pé àṣírí ti tú, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó gé itan lé e. Ìyá padà délé tayọ̀tayọ̀, kò sì fi kún ẹran oníbàárà. Olè mẹ́ta lójú kan, ẹni tó kéré jù nínú wọn ni ebi ń pa.

Báwo lọ́wọ́ ṣe wá tẹ̀ ẹ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan kàn ká a mọ́. Ìyá ṣàkíyèsí pé Ìdòwú ò lá àwo mọ́. Ọmọ tí kò lá àwo mọ́, níbo ló ti ń jẹun? Ohun tó sọ ọ́ di èèyàn díẹ̀ náà ló tú u fó.

Ọ̀gá tí kò ní nǹkan

Nínú àwọn ọ̀gá yín, ẹ rí i pé ẹnì kan wà tó tálákà ju ọmọ náà lọ. Ọkùnrin inú ìwé yẹn máa ń jáde síta pẹ̀lú idà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa fi koríko yọ eyín, nígbà tí nǹkan kan ò kan ẹnu ẹ̀ látàná. Ọmọ tó ń sìn ín ló ń ṣagbe tó ń bọ́ ọ, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe bí ẹni pé òun ò mọ̀ pé ebi ń pa á. Nígbà tí onílé wá gba owó, ọ̀gá ní òun ń lọ ṣẹ́ owó, kò padà mọ́. Gbogbo ìwé náà, ọmọ ló ń sá fún ọ̀gá, ibí yìí ọ̀gá sá fún ọmọ.

Ní Èkìtì a ò ní wá ọkùnrin yìí jìnnà. Ilé ọ̀jọ̀gbọ́n nilé wa, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, nínú àdúgbò tó bá ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ẹ máa rí ẹnì kan tó kàwé bíi tiwọn, tó fi férémù gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ ògiri, tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lálaalẹ́, tó ń retí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ìdòwú ń pè é ní "Ọ̀gá Dọ́kítà". Ẹ má fi ṣẹ̀sín jù o. Ẹ jẹ́ kí Ìdòwú máa jí iṣu wá fún un, kí ọkùnrin náà máa kọ́ ọ ní ìwé kíkà lálẹ́ torí kò ní owó oṣù tó máa san, kó sì máa tún gírámà ẹ̀ ṣe pẹ̀lú iṣu gbígbóná lẹ́nu. Ibẹ̀ ni Ìdòwú ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, lẹ́tà tó ń kọ sí Ààrẹ báyìí náà ni. Lèmi ṣe fẹ́ràn irú ọ̀gá yìí ju gbogbo wọn lọ, òun ló ń fún ọmọ náà ní ẹnu.

Wòlíì, kẹ́ ẹ má baà kó sí wàhálà

Ẹ má fi orúkọ ìjọ tó wà lóòótọ́ sí i, ẹ má fi òkè tí wọ́n ti ń gbàdúrà sí i. Ẹni tó kọ ìwé 1554 yẹn ò fọwọ́ sí i, kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ fi iṣẹ́ dá wòlíì yín mọ̀. Tèmi ń ta omi. Gbogbo wa la mọ Ìkògòsì, ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé tí wọ́n jọ ń ṣàn. Ìkọ̀lé jìnnà sí Ìkògòsì, apá òdìkejì ìpínlẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa lọ wò ó. Wòlíì ń fún Ìdòwú lówó mọ́tò pé kó lọ pọn ọ́n wá. Ìdòwú ń fi owó náà jẹun, ó ń pọn omi kànga ẹ̀yìn ilé. Oṣù mẹ́fà ló fi ń gbọ̀n pé Ọlọ́run á bínú, títí ọjọ́ kan tí wòlíì rán an pé kó sáré lọ pọn ọ́n, kó sì padà dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wòlíì ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Ohun tí mo kọ́ lára ìtàn èso àjàrà inú ìwé Sípéènì yẹn nìyẹn. Afọ́jú àti ọmọ náà jọ ń jẹ àjàrà, wọ́n ṣàdéhùn pé kí oníkálukú máa mú ẹyọ kan. Kò pẹ́, afọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í mú méjì, ọmọ náà rí i, kò sọ nǹkan kan, ó ń mú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, afọ́jú ní, ìwọ ọmọ yìí, mẹ́ta mẹ́ta lo ń mú. Báwo lẹ ṣe mọ̀? Mò ń mú méjì, o ò bá mi jà. Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó kọ ẹ̀tàn kankan. Ẹ̀tàn tó jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́n, ẹnì kan gọ̀, kò dùn. Kí àwọn méjèèjì mọ̀, kí wọ́n sì dákẹ́ torí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Olóṣèlú, ẹ fi sẹ́yìn pátápátá. Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu èèyàn níbi ìdìbò gómìnà Èkìtì lọ́dún 2018, dìbò kó o sebẹ̀, ìyẹn fífi owó ra ìbò, ti kọ ìtàn náà fún yín tán. Kí wọ́n fún Ìdòwú lówó pé kó pín in ládùúgbò, kó máa yọ tiẹ̀ nínú ti oníkálukú. Kó wá kan ìyá oníyán lórí ìlà, kí ìyá náà ka owó yẹn níwájú ẹ̀ bó ṣe ń ka ẹran.

Ọ̀nà àti owó

Ẹ ya ọ̀nà sórí bébà: Adó, Ìwòrókò, Ìfàkì, Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé, Ọ̀mùò, títí dé ibi tí Èkìtì parí tí Kogí bẹ̀rẹ̀. Ìlú kan, ọ̀gá kan. Kó má padà sẹ́yìn. Ìgbàkigbà tó bá ń kúrò nílùú kan, ẹ kọ iye tó wà lápò ẹ̀ sílẹ̀, náírà gan-an, pẹ̀lú aṣọ ọrùn ẹ̀ àti bàtà. Tó bá wọ Ìfàkì pẹ̀lú bàtà tó sì fẹsẹ̀ lásán wọ Ọ̀yẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí bàtà wà. Ìtàn tí a ò bá ti mọ iye owó inú ẹ̀, mi ò gbà pé ebi pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kó sì fi ara san án. Afọ́jú gbé ìkòkò wáìnì, ó fi fọ́ ọmọ náà lójú nígbà tó ń mu ún lábẹ́lẹ̀, eyín ẹ̀ kán, lẹ́yìn náà ó tún ń fi wáìnì fọ ojú ọgbẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín pé ohun tó ṣe ọ́ léṣe náà ló ń wò ọ́ sàn. Ìyá oníyán gbọ́dọ̀ lu Ìdòwú, kí àpá ẹ̀ sì wà lára ẹ̀ títí dòní. Ẹ má kàn jẹ́ kó ráhùn, kó ní, "Ààrẹ, ẹ wo igun ojú mi òsì tí ẹ bá dé ìpàdé."

Ohùn ẹ̀

Ìdòwú fẹ́ kí Ààrẹ rò pé òun kàwé, torí náà Yorùbá ìwé ló máa fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìkíni tó gùn. Tí inú bá wá ń bí i, tàbí tó bá ń sọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀, ilé á di ulé lẹ́nu ẹ̀, iṣu á di uṣu. Ẹ má ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, ọmọ Èkìtì tó bá ń kà á á mọ̀ pé ibẹ̀ ni irọ́ ti tán. Àwọn àgbàlagbà inú ìtàn, kí wọ́n máa sọ èdè wọn látòkè délẹ̀.

Òwe ńkọ́? Kó máa lò ó, kó sì máa bà á jẹ́. "Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé tiwa náà jó, kò sí ẹwà kankan tó bù sí i." Ẹyọ kan ní orí kan tó.

Tó bá jẹ́ obìnrin lẹ fẹ́ fi ṣe é, ọ̀nà ti là ṣáájú yín, nílé níbí. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, obìnrin tó ń fẹnu ara ẹ̀ ka ìgbésí ayé tó gbé láàárín àwọn ọkùnrin Èkó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìwé Moll Flanders láti 1722, obìnrin olè kan ló ń sọ ìtàn ara ẹ̀ níbẹ̀. Sẹ̀gilọlá ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ léraléra, ẹ fojú sí i dáadáa: ibi tó bá ti ń sunkún jù, ibẹ̀ náà ló ti ń rántí aṣọ àti oge jù. Àwọn tó ń ṣẹ́ ìwàásù kúrò nínú ẹ̀ ń pàdánù nǹkan, àwọn tó ń gbà á gbọ́ pátápátá náà ń pàdánù.

Ibi tó máa dúró sí

Kó má ronú pìwà dà. Kó má kú. Kó má lọ ẹ̀wọ̀n. Ọmọ inú ìwé yẹn parí sórí pé ibi tó dára jù nínú ayé òun lòun wà, ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ sì wà nílé fadá. Ìdòwú náà á ṣàlàyé títí dé ilé tuntun tó ń kọ́ l'Ọ́mùò, páànù tó ti délẹ̀, pé ẹgbẹ́ ò ní akápò tó mọ ẹran kà tó òun láti Adó títí dé ibí. Kò ní dárúkọ iye owó tó sọnù. Tí ẹ bá ń gbé e sórí Facebook ní apá apá, ẹ parí apá kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá gbé ẹrù lórí, kì í ṣe ìgbà tó bá jẹun yó. Èyí tó kẹ́yìn, ẹ kàn jẹ́ kó béèrè lọ́wọ́ Ààrẹ pé ṣé ìpàdé ṣì wà, ṣé wọ́n máa se iyán. Èsì Ààrẹ, ẹ má kọ ọ́.